Ohùn Tó Ti Gábọ̀ǹ Wá Bá Bàbá Rẹ

Massè, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo

Carine ọmọ mi, àkọ́bí tó sọ mí di ìyá,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo kí ọ kú ooru Kùtọnu tí wọ́n ní ó máa ń mú ènìyàn bí ẹni tó jókòó ti ààrò gàrí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọkọ rẹ wà dáadáa? Ṣé ọmọ ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀, àbí ẹkún ló ṣì fi ń sọ ohun tó fẹ́? Ẹni tó bá ń wá ìtìjú rẹ, ilé ara rẹ̀ ni yóò bá a. Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní dí mọ́ ọ, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ, oorun ọ̀sán kò ní di àìsàn fún ọ. Àmín. Èmi náà wà o, àfi orúnkún tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dìde.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá mi fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ti gbé e sínú agbọ̀n àgbàdo nínú yàrá, mo da aṣọ bò ó, mo wá jókòó sábẹ́ igi ọsàn níta kó má baà gbọ́ mi bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí n tó kọ ọ́. Ìwé Yorùbá tí Marcellin tó ń kọ́ wa ní katikísímù fi kọ́ àwa obìnrin ni mo ń lò yìí, nítorí náà bí o bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́, má wo ibẹ̀. Àlíù ni yóò mú un wá fún ọ, Àlíù tó ń fi mọ́tò kó gàrí láti ọjà Adja-Ouèrè lọ sí Kùtọnu. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má ki í bọ abẹ́ àpò gàrí.

Nílé, òjò ṣe dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo so, ẹ̀gẹ́ ń ta lábẹ́ ilẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ya oníwàhálà, ó ti jẹ ìlàjì fìlà Bàbá àgbà Èṣùbíyì, wọ́n sì ní àwọn kò bínú, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń wo ọrùn rẹ̀. Ọ̀nà Oko-Akarè ti bàjẹ́ débi pé àwọn ọlọ́kadà zẹ́mìjàn ń sọ pé kí èrò sọ̀kalẹ̀ kó bá àwọn ti alùpùpù, wọ́n á sì tún gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn tì í. Ayé yìí mà ga o.

Wàyí o, fóònù. Nígbà tí bàbá rẹ kú ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, tí o fi fóònù tí o rà fún wọn lé mi lọ́wọ́, tí o fi hàn mí bí a ṣe ń fi ìka ra á lójú kó tó jí, mo rò pé kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ ni. Mi ò mọ̀ pé ìlú kan wà nínú rẹ̀. Fesibúùkù! Ọlọ́run tóbi. Ìlú tí kò ní ẹnubodè, tí kò ní baálẹ̀, tí oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Èmi Ìyábùnmi jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìdáná mi ní Massè, gbogbo ayé ń kọjá níwájú mi, dúdú, funfun, ẹni tó wọ aṣọ àti ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tó.

O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ènìyàn ò lè máa kọjá lójú mi kí n máa wò ó bí ẹni tó ya odi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, mo ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé ọmọ tuntun, mo ní ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó dúró ti mọ́tò tuntun, mo ní ẹ kú oríire, ẹ̀mí yín á lò ó. Ẹni tó jókòó sétí òkun tí kò ṣe nǹkan kan, mo ní ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó ń jẹun, mo ní mo bá yín re o. Òyìnbó kan gbé ajá mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, mo ní kó kú ìtọ́jú. Mi ò tíì bọ́jú láàárọ̀ ni mo ti ń kí ènìyàn, oòrùn á ta, mi ò ní tíì dé oko, bí mo bá sì kí èyí tán, àwọn mìíràn á tún yọ. Ó rẹ̀ mí ju oko lọ.

Ó di ọjọ́ kan, fóònù kọ Faransé sí mi lójú, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sáré gbé e lọ bá Marcellin. Marcellin kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní àwọn tó ni Fesibúùkù ní mo ń kí ènìyàn jù, kí n lọ sinmi fún ìgbà díẹ̀. Carine, ìlú wo ni wọ́n ti ń fìyà jẹ ènìyàn torí pé ó kíni? Mo bi Marcellin bóyá ó ṣì í kà, ó ní òun ò ṣì í. Mo ronú lórí ẹ̀ títí. Mo wá ní bóyá ẹ̀rù èrò ló ń bà wọ́n, torí ìlú tó kún tó báyẹn, bí gbogbo wa bá ń kí ara wa bó ṣe yẹ, ta ni yóò ráyè jẹun? Mo dárí jì wọ́n.

Àwọn tó ń tọrọ ọ̀rẹ́ náà ńkọ́! Ẹni tí mi ò mọ bàbá rẹ̀, tí mi ò mọ ìyá rẹ̀, á kàn yọ, á ní òun fẹ́ bá mi ṣe ọ̀rẹ́. Mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn pé ọmọ ta ni, agboolé wo, ṣé àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé ó wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ kò dáhùn. Òyìnbó sójà kan tó rẹwà bí ère inú ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀wé sí mi, ó ní òun ti fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí òun ti rí àwòrán mi. Àwòrán bàbá rẹ ló sì wà níbẹ̀ o, pẹ̀lú irùngbọ̀n. Mo ní kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá rí Bàbá àgbà Èṣùbíyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí ọ̀rọ̀ náà lè ní orí àti ìdí. Kò padà wá mọ́. Ojú ti tì í.

Inú ìlú yẹn ni Bàbá Rogatien ti yọ sí wa.

O ò lè rántí wọn, torí ọmú ni o ṣì ń mu nígbà tí wọ́n fi lọ sí Gábọ̀ǹ. Kòríkòsùn bàbá rẹ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń gun ọ̀pẹ ní Massè yìí, igbà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi kọ́ ọ, bí èyí bá sọ̀, èyí á gùn. Ọjọ́ tí bàbá rẹ wá tọrọ mi ní ilé wa ní Oko-Akarè, Bàbá Rogatien ló ń sọ̀rọ̀, bàbá rẹ kàn ń wolẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ mi, inú mi sì dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí. Nígbà tí Bàbá Rogatien lọ sí Gábọ̀ǹ tán, lẹ́tà wọn máa ń wá. Nígbà tó yá lẹ́tà ò wá mọ́, ẹni tó ń bá wọn mú un bọ̀ ti kú, ọdún wá ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá gbé ẹmu sọ̀kalẹ̀, wọ́n á da díẹ̀ sínú igbá kan lọ́tọ̀, wọ́n á ní ti Rogatien nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn fúnra wọn á bá a mu ún.

O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. O rí i nígbà tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ lé bàbá rẹ, aṣọ ọmọ, aṣọ àna, aṣọ ẹbí, tí Bàbá àgbà Èṣùbíyì dáwọ́ dúró, tí wọ́n ní aṣọ ọ̀rẹ́ dà. Sùlè alágbẹ̀dẹ dìde pé òun á mú tòun wá, Bàbá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ní kòríkòsùn Fádèyí wà láyé níbì kan, àwọn ò ní fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ ṣe wọlẹ̀ láìsí aṣọ ọ̀rẹ́ lára wọn. Wọ́n ní a ò lè ṣe àṣekágbá òkú náà títí Rogatien yóò fi mú aṣọ wá, kó tẹ́ ẹ lójú oórì. Mi ò sọ ọ́ fún ọ bó ṣe dùn mí tó, torí ìwọ náà ti sunkún tó. Ó dùn mí wọra. Ọkọ mi wà ní ilẹ̀ bí ẹni tí wọn ò tíì sin tán.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo ń yan gàrí, fóònù ké. Mo fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò pe ẹnì kan o, ẹnì kan kò pè mí, ohùn kàn ń jáde ni. Ó ní Fádèyí, Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀bọ, ṣé ìwọ nìyí lóòótọ́ tí o dá irùngbọ̀n sí bí òbúkọ àgbà. Carine, igbá bọ́ lọ́wọ́ mi sínú iná. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe bàbá rẹ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀bọ láyé yìí. Ohùn tó tọrọ mi níyàwó ni, ó kàn gbẹ díẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ síwájú fóònù, mo kí wọn, kí n tó rántí pé wọn ò rí mi.

Wọ́n ní ọmọbìnrin ọmọ àwọn ló bá àwọn wá orúkọ Fádèyí nínú Fesibúùkù, ó sì rí àwòrán tí o fi síbẹ̀, níbi tí bàbá rẹ ti gbé igbà kọ́ èjìká, tí o kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ti sùn ní Libreville, àwọn nìkan ló kù pẹ̀lú ọmọ náà. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀bọ jọ̀ọ́ la ẹnu kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí ni kí n sọ? Ó kù díẹ̀ kí n ké pé Fádèyí ti lọ, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín. Bí ènìyàn bá kú, ará ilé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ túfọ̀ fún kòríkòsùn rẹ̀. Yóò bá a níbi tó wà, yóò fún un ní omi mu, ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kó lè fara tì í, kó tó la ẹnu. Bí ará ilé ò bá tíì dé, bí ọ̀rẹ́ náà tilẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jà, bí ẹni tí kò gbọ́ ni yóò ṣe, kò gbọ́dọ̀ sunkún, kò gbọ́dọ̀ mú aṣọ. Fóònù lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè di ẹ̀yìn àgbàlagbà mú.

Mo tẹ ibi tó ń gba ohùn. Mo ní èmi Ìyábùnmi ni, mo ní gbogbo ilé ń kí wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ òjò, mo sọ ọ̀rọ̀ àgbàdo, mo sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti fìlà, mo sọ ti orúnkún mi. Mi ò fẹnu kan bàbá rẹ rárá.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni wọ́n fi ohùn náà rán sí, èmi kọ́. Mi ò lè gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kí n jókòó lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bu omi tútù, mo lọ sójú oórì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo ní ẹ gbọ́ o, Rogatien ló ránṣẹ́. Mo gbé fóònù lé orí sìmẹ́ńtì, mo tẹ̀ ẹ́, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má dà bí ẹni tó ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì.

Ọjọ́ kejì, ohùn tún dé. Wọ́n ní àwọn rí i pé Fádèyí ti gbọ́ tàná, torí àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn náà ti yí padà, ó ti di àwọ̀ aró, kí ló wá dé tí kò dáhùn. Mo sáré lọ bá Marcellin, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, mo kàn bi í kí ni àmì aláró túmọ̀ sí. Ó ní bí a bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ènìyàn, àmì rẹ̀ á wà bí eérú, ìgbà tí onítọ̀hún bá gbọ́ ọ tán ló ń di aró. Mo ní ẹni tí a rán an sí gan-an? Ó ní ẹni tí a rán an sí gan-an. Carine! Orí mi wú. Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Wọ́n gbọ́! Bàbá rẹ gbọ́, fóònù jẹ́rìí sí i, àmì sì hàn ní Gábọ̀ǹ lọ́hùn-ún.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá àgbà Èṣùbíyì. O mọ̀ wọ́n, àwọn tó ti ń bu omi fún àwọn baba ńlá yín kí wọ́n tó bí ọ, nǹkan kì í tètè yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí àwọn gbọ́. Ohùn ń jáde, wọ́n ṣí ìyókù fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Nígbà tó parí, wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń pe àwọn tó ti lọ, àwọn ò tíì rí èyí tó fi àmì dá ènìyàn lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé obì wá fún mi. Wọ́n ní ṣé mo lè bá àwọn bẹ ọmọ mi tó wà ní Kùtọnu, kó bá àwọn wá nọ́ńbà bàbá àwọn. Mo ní n ó sọ fún ọ. Mo ti sọ ọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò lọ láìjẹ́ pé mo gbé ohùn lọ sójú oórì. Bàbá Rogatien kò béèrè ìdáhùn mọ́. Wọ́n kàn ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n rántí ọjọ́ tí oyin lé wọn lórí ọ̀pẹ, tí bàbá rẹ ti bọ́ sílẹ̀ tó ti sá jìnnà, tó wá gbọ́ pé Rogatien ń ké lókè, tó padà gùn wọ àárín oyin lọ gbé e. Wọ́n ní ojú bàbá rẹ wú débi pé ìyá rẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ò sọ èyí fún mi rí! Gbogbo ìgbà tí mo fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mo ń pè wọ́n ní ojo torí pé wọn kì í bá ènìyàn jà. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, ewúrẹ́ ń wò mí. Àárò wọn ń sọ mí, ọmọ mi. Báyìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń mọ ọkùnrin tí mo fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá yíwọ́. Bàbá Rogatien ní àwọn ti gba ìwé ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní ara àwọn kò gbé nǹkan mọ́, àwọn fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Fádèyí kí ó tó di pé wọ́n ń gbé àwọn. Sátidé tó tẹ̀lé àjọ̀dún gbogbo àwọn ẹni mímọ́ ni wọn yóò sọ̀ ní Kùtọnu. Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá dé oríta Adja-Ouèrè, wọ́n á gun zẹ́mìjàn, ọlọ́kadà á bi wọ́n pé ilé ta ni, wọ́n á ní ilé Fádèyí ní Massè, ọlọ́kadà á sì ní háà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Lórí alùpùpù! Lójú ọ̀nà oníkòtò yẹn! Mo lọ bá Bàbá àgbà, wọ́n ní kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ọmọ Fádèyí ló gbọ́dọ̀ pàdé wọn kí ẹlòmíràn tó la ẹnu, ọmọ Fádèyí tó sì wà ní Kùtọnu, ìwọ ni.

Ibí ni mo fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé sí. Mo ti ń wá àdúrà tí n ó fi ṣe ìdérí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí fóònù ké nínú agbọ̀n. Mo ní n ò ní lọ. Ó tún ké. Mo lọ.

Bàbá Rogatien ni. Ṣùgbọ́n wọn ò pe Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀bọ. Èmi ni wọ́n pè. Wọ́n ní Ìyábùnmi.

Wọ́n ní kí n má fòyà. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí ọmọ náà ṣí àwòrán bàbá rẹ, ó ka ohun tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ ní Faransé sábẹ́ rẹ̀, pé kí Bàbá sùn ní àlàáfíà. Ó kà á fún wọn kí ẹ̀rín tó kúrò lẹ́nu wọn. Carine, ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ nìyẹn? Mo rò pé ẹ ń yin fìlà tí wọ́n dé nínú àwòrán náà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ṣeun, Bàbá ń kí yín. Fàtímátù ọ̀rẹ́ rẹ, láti ìgbà tí mo ti dá a lóhùn, kò kọ nǹkan kan mọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́ bí mo bá dẹ́rù bà á.

Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n ará ilé kò tíì sọ fún àwọn, àwọn ò sì lè sunkún. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi fi ohùn ránṣẹ́ nìyẹn, kí ẹnì kan nínú ilé lè dáhùn pé Fádèyí ò sí mọ́. Èmi wá dáhùn, mo sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti fìlà. Wọ́n ní àwọn bínú sí mi díẹ̀. Nígbà tó wá di ìrọ̀lẹ́, àwọn rí i pé àmì náà ti di aró. Wọ́n ní àwọn jókòó, àwọn wò ó títí, àwọn sì mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé ohùn àwọn lọ bá a níbi tó wà. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àwọn kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún àwọn mọ́, torí bí wọn ò bá tíì sọ ọ́, àwọn ṣì ní ọ̀rẹ́ tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n wá ní ó ti tó. Wọ́n ní aṣọ ti wà nínú àpótí àwọn. Wọ́n ní jọ̀ọ́, Ìyábùnmi, rán ọmọ sí mi, kó wá túfọ̀ fún mi, ẹkún Fádèyí ti pọ̀ lọ́rùn mi.

Mo jókòó sínú àgbàdo. Èmi rò pé mò ń pa á mọ́ fún wọn, wọ́n sì ń pa á mọ́ fún mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè tún ẹ̀gbẹ́ oórì ṣe, kí n sì rí ohun tí n ó sè fún àlejò. Fi mẹ́gà tó fi ń gba ohùn sí fóònù náà, torí ebi ti ń pa á, bí ebi bá sì ń pa á, kì í sọ̀rọ̀. Mi ò sọ iye tí o ó fi ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo.

Lọ pàdé Bàbá Rogatien. Má sọ ọ́ fún wọn níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń já èrò, níbi ariwo. Mú wọn lọ sílé rẹ, fi wọ́n sórí àga, fún wọn ní omi, kí ọkọ rẹ jókòó sẹ́yìn wọn. Kúnlẹ̀, kí o wá sọ ọ́. Má jẹ́ kó hàn lójú rẹ pé o mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí etí kan ò gbọ́ rí, àwọn náà á gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run yóò tọ́jú ìwọ náà, ilé rẹ yóò rójú, ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, ẹni tí yóò bá ọ ṣe ọ̀rẹ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ kò ní ṣì ọ́ lọ́nà. Bí Bàbá Rogatien bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, má rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Jẹ́ kí wọ́n sun ún tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyábùnmi, ìyàwó Fádèyí